Ṣé Lásán Ni Mo Fún Ọmọ Mi Ní Ọmú Nìkan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fún àkọ́bí mi ní ọmú nìkan, síbẹ̀ ikọ́ fée (asima) ń bá a jà láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ti tún bímọ báyìí. Àbúrò ọkọ mi tó wà lókè òkun ní ọmú kì í dènà asima, ìyá ọkọ mi sì fẹ́ ká máa fún ọmọ lómi àti àgbo. Ṣé lásán ni mo ṣe wàhálà yẹn? — Ìyá Ọmọ Méjì, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kú ọwọ́ lómi. Kì í ṣe lásán rárá. Òótọ́ wà lẹ́nu àbúrò ọkọ rẹ, àmọ́ kò pé.

Ikọ́ fée kan wà tó máa ń rìn nínú ìdílé, tó jẹ́ pé ohun tí ara ọmọ kọ̀, bí eruku tàbí irun ẹran, ló ń ru ú sókè. Ọmú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti èyí ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Belarus, àwọn olùwádìí ran àwọn ìyá kan lọ́wọ́ kí wọ́n lè fún ọmọ lọ́mú pẹ́, wọ́n fi àwọn yòókù sórí ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó lé ní 17,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà lé ní ọdún mẹ́fà, asima ò dín lọ́dọ̀ apá kìíní.

Ṣùgbọ́n òtútù àyà àti ọ̀fìnkìn tó wọ ẹ̀dọ̀fóró náà máa ń mú kí àyà ọmọ súfèé. Ìwádìí ISAAC, ìwádìí káàkiri ayé lórí asima àti ohun tí ara ọmọ kọ̀, tó jáde ní 2009 wo ọmọ ọdún 8 sí 12 tó tó 54,000 ní orílẹ̀-èdè 20. Àyà tó ń súfèé dín lára àwọn tó mu ọmú, nílùú olówó àti nílùú tí kò lówó. Irú èyí tí kì í ṣe ti ohun tí ara kọ̀, ìlú tí kò lówó ni ìdínkù rẹ̀ ti hàn gbangba. Ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, níbi tí ọmọ márùn-ún ti ń sùn nínú yàrá kan, tí ọyẹ́ ń gbé eruku, tí a ń figi dáná. Ọmú ló ń gbèjà ọmọ lọ́wọ́ àrùn àyà, ìdí tí wọ́n rò pé ó fà á nìyẹn.

Mo ṣe agbẹ̀bí ní Ìjerò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi nítorí àìsàn àyà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá ti ń yan gàárì ni wọ́n ń tẹ́ wọn sí. Inú máa ń bà mí jẹ́. Ọmú kò lè lé èéfín. Jọ̀wọ́, gbé àwọn méjèèjì kúrò nídìí iná.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, ìfẹ́ ló ń bá a jà, má bá a fa ọ̀rọ̀. Sọ fún un pé omi tó tó ọmọ wà nínú ọmú, kódà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Pè é kó wá wo ìtọ̀: ọmọ tó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Tó bá pé oṣù mẹ́fà, kí ìyá ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ po ògì fún un, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọdún méjì.

Àkọ́bí rẹ, má jẹ́ kí inhaler rẹ̀ (oògùn ikọ́ fée tó ń fà sẹ́nu) jìnnà sí i, kí tíṣà rẹ̀ mọ ibi tó wà. Ìgbàkígbà tí egungun ìhà bá ń wọlé bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.