Ẹ Gbé Sílíkóònù Yẹn Sílẹ̀ Ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A pààrọ̀ fèrèsé mẹ́fà nínú ilé wa ní Plumstead, London, sí onígíláàsì méjì. Owó kékeré kọ́. Òtútù ti dé báyìí, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wa lẹ́sẹ̀ nínú pálọ̀ bíi pé àwọn fèrèsé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gíláàsì tí wọ́n fún wa ni kò dáa, pé onígíláàsì mẹ́ta ló yẹ ká rà. Ó ní ká ṣì fi sílíkóònù dí gbogbo ihò tó wà lára wọn ná: tòkè, tìsàlẹ̀, àti etí ibi tó ń ṣí. Ó ti bá wa dí ti yàrá àwọn ọmọ. Ṣé ká máa bá ìyókù lọ? Ìyá Ìbejì, Plumstead.

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má dí ẹyọ kan mọ́. Kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ, ẹ lọ sí yàrá àwọn ọmọ yẹn, ẹ wò ó bóyá fèrèsé wọn ṣì ń ṣí. Bí kò bá ṣí mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé sílíkóònù náà kúrò lónìí, kó má di ọ̀la. Bí iná bá dí àtẹ̀gùn ilé lóru, fèrèsé yẹn ló ṣẹ́ kù fún wọn. Màá padà sórí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn, fèrèsé ni mo sì ń fi jẹun níbí. Kò sí ọdún tí aago á padà sẹ́yìn lóṣù kẹwàá tí ìbéèrè yìí kò ní dé, kò sì sí ọdún tí sílíkóònù kò ní wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ gíláàsì kúrò kíá. Atẹ́gùn kì í gba inú gíláàsì kọjá, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ gíláàsì méjì ni pé kí ooru ilé má tètè sá jáde; àlàfo àárín wọn, tí wọ́n sábà máa ń fi gáàsì argon kún, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá gbé onígíláàsì mẹ́ta sínú férémù tí wọn kò fi dáadáa, atẹ́gùn kan náà ni yóò máa fẹ́ yín lẹ́sẹ̀, owó yín nìkan ló máa lọ sí i. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ó wá ku sílíkóònù, èyí tó ń bí mi nínú. Àwọn ènìyàn wa gbà pé ihò tí wọ́n bá ti rí lára fèrèsé, àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn tó ṣe fèrèsé ló mọ̀ọ́mọ̀ lu ú.

Ẹ bọ́ síta, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ férémù. Ẹ máa rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á fi ike kékeré bò ó lójú. Omi òjò ni wọ́n ṣe é fún. Inú férémù ike kò dì bámúbámú, yàrá yàrá ló ní nínú bí afárá oyin. Bí òjò bá ń lù ú, omi díẹ̀ máa ń kọjá rọ́bà ìta, á bọ́ sínú àwọn yàrá yẹn, á sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Nígbà kan, wọ́n pè mí sí ilé kan ní Abbey Wood, bàálé ilé ní fèrèsé tuntun ń jò sórí pátákó abẹ́ rẹ̀. Mo jáde síta, mo rí sílíkóònù funfun lẹ́nu gbogbo ihò náà, ó ń dán, ó dùn ún wò. Mo fi ẹnu sukurudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọ̀kan. Omi tó tú jáde rin bàtà mi gbingbin, ó dúdú, ó ń rùn bí omi ìsàlẹ̀ àmù. Inú omi yẹn ni etí gíláàsì ti jókòó fún oṣù mélòó kan. Kùrukùru ti wà láàárín gíláàsì méjèèjì, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé láti nù ún. Gíláàsì la pààrọ̀. Ta ló sanwó? Òun náà ni.

Ihò atẹ́gùn tó wà lókè fèrèsé, trickle vent ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí ẹ lè fi ìka ṣí, kí ẹ sì fi ìka pa dé. Láti 15 oṣù kẹfà 2022 ni òfin ilé kíkọ́ ní England ti tẹnu mọ́ ọn pé bí ẹ bá pààrọ̀ fèrèsé, atẹ́gùn tó ń wọ ilé kò gbọ́dọ̀ burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi fèrèsé fi ń fi trickle vent sí i. Àwọn fèrèsé àtijọ́ máa ń jò, jíjò yẹn ló sì ń gbé ọ̀rinrin jáde láìjẹ́ pé a mọ̀. Tuntun kì í jò bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ ilé wa: ìkòkò mọ́ínmọ́ín wà lórí iná fún wákàtí kan, aṣọ ilé-ìwé wà lórí híítà, ènìyàn mẹ́rin ń mí nínú yàrá kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rinrin tí kò rọ́nà jáde, ara ògiri tó tutù ló máa lọ lẹ̀ mọ́, èébu dúdú tí gbogbo wa ń pè ní mọ́ọ̀dù á sì hù níbẹ̀. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín lásán. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale lóṣù kejìlá 2020. Ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé mọ́ọ̀dù inú ilé wọn ló fa àìsàn èémí tó pa á. Bí atẹ́gùn trickle vent bá pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ìjì ń jà, ẹ pa á dé, kí ẹ sì ṣí i padà nígbà tí ìjì bá rọlẹ̀. Ẹ má lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Bí iná gáàsì bá wà nínú yàrá, àgàgà èyí àtijọ́ tó ń fi ṣímínì tú èéfín rẹ̀ jáde, ẹ má dí ohunkóhun kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, ìwé àwọn oníṣẹ́ gáàsì tí òfin mọ̀, tó wò ó. Carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná bẹ́ẹ̀ lè tú sínú yàrá, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Fèrèsé ni iṣẹ́ mi, mi ò kì í ṣe oníṣẹ́ gáàsì, mi ò sì tíì fojú rí ilé yín.

Níbo wá ni atẹ́gùn ń gbà wọlé? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní wọbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti lanu ná. Ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà. Ẹ pa trickle vent dé, ẹ ká kọ́tìnì kúrò dáadáa kí iná má bàa ràn mọ́ ọn, kí ẹ wá tan ẹyọ túràrí kan, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná gígùn. Ẹ rọra gbé e yí etí fèrèsé ká. Bí èéfín bá ń lọ sókè jẹ́jẹ́, kò sí nǹkan níbẹ̀. Bó bá ṣàdédé tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń sá, ẹ ti rí i. Bó bá jẹ́ pé iwájú gíláàsì ló ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ihò kankan kò sí: afẹ́fẹ́ inú ilé ló kan gíláàsì, ó tutù, ó wúwo, ó sì ń ṣàn wá sílẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe sábà máa ń gbé híítà sábẹ́ fèrèsé ní ìlú yìí. Bí àga yín bá ti dí híítà, tàbí tí kọ́tìnì gùn bò ó, ẹ sún àga, ẹ gé kọ́tìnì. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí èéfín bá sá létí ibi tó ń ṣí, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ fèrèsé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ fèrèsé ike níbí ló ní ibi méjì tó ń tì sí: ọ̀kan á tì í pa pátápátá, èkejì á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé lóru. Bàbá kan ní Woolwich fi ìbínú lo ìgbà òtútù kan tán, wọ́n ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àwọn tó bá wọn fi fèrèsé. Mo débẹ̀, mo ṣí i, mo fà á mọ́ra, mo yí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó dún kọ́. Ariwo mọ́tò tó ń bọ̀ láti títì dákẹ́ lójijì. Bàbá wò mí, mo wo Bàbá. Tíì ni mo mu, mi ò gbowó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ tì í dáadáa, ẹ fi bébà há àárín rẹ̀, ẹ tún un tì, kí ẹ fà á. Bébà tó bá yọ jáde wọ́ọ́rọ́ fi hàn pé rọ́bà kò fún mọ́ra níbẹ̀. Nígbà mìíràn igun ni wàhálà wà: ẹni tó bá fa rọ́bà kó tó gé e, rọ́bà náà á sún kì padà, á sì fi ojú sílẹ̀. Nígbà mìíràn irin títì ni. Lára àwọn kan, kókó roboto wà tí a lè fi Allen key, irin kékeré onígun mẹ́fà tó tẹ̀, yí díẹ̀ kó fún sí i. Tàbí kó jẹ́ híńjì ló ti rẹ̀. Bí ẹ bá máa ra híńjì, ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti gíga rẹ̀, torí gíga 13mm wà, ti 17mm wà, ọ̀kan kò sì lè ṣiṣẹ́ èkejì.

Àmọ́ ẹsẹ̀ lẹ ní ó ń fẹ́ yín, Ìyá Ìbejì. Ká ní èmi ni, abẹ́ pátákó fèrèsé ni màá kọ́kọ́ gbé túràrí sí. Wọ́n máa ń ṣe férémù kéré díẹ̀ sí ihò ògiri, bíi 5mm lápá kọ̀ọ̀kan, fóòmù ló sì yẹ kó kún àlàfo náà yíká. Àwọn kan kì í fi fóòmù kankan sí i. Wọ́n á kan ike pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀, wọ́n á fa sílíkóònù lé e, ó parí, ó ń dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ilé tó ti wà láti ayé Ọbabìnrin Victoria sì pọ̀ ní Plumstead. Fèrèsé onígi wọn máa ń ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí irin wíwúwo tí wọ́n so okùn mọ́ ń gbà lọ sókè sódò. Bí wọ́n bá gbé fèrèsé tuntun síbẹ̀ láìyọ àpótí yẹn tàbí láìdí i, inú rẹ̀ ni atẹ́gùn á máa gbà bọ̀. Bí ẹ bá wá fi sílíkóònù bo ẹnu kan, á wá ẹnu mìíràn.

Ẹ má ra fóòmù fúnra yín o. Èyí tó ń wú jù lè tẹ férémù, fèrèsé kò sì ní tì mọ́. Àwọn tó ṣe é ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹnu lásán: ọjọ́ tí wọ́n fi í, fọ́tò, ibi tí èéfín ti sá. Ẹ wo gàrántì yín, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Òfin Consumer Rights Act 2015 ní kí wọ́n fi ọgbọ́n àti ìtọ́jú tó yẹ ṣe iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ bá Citizens Advice, àwọn tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ fèrèsé náà bá òfin mu, ti FENSA (ètò tí àwọn tó ń fi fèrèsé ń forúkọ sílẹ̀ sí) tàbí ti káńsù, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé. Ẹ sì jẹ́wọ́ sílíkóònù yàrá àwọn ọmọ fún wọn, torí wọ́n máa rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ilé gbé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, lánlọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Bí ẹ ṣe máa yọ sílíkóònù náà rèé: abẹ́ tó mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ mọ́ ara ike, kí ẹ gé e ní ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ wá fi ọwọ́ fà á bí ìgbà tí ẹ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má da kẹ́míkà tó ń yọ ọ̀dà sí i, ó lè ba ike jẹ́. Ihò ìsàlẹ̀ ìta ńkọ́? Bí yàrá náà bá wà lókè, ẹ pe ẹni tó ní àkàbà. Bí rọ́bà bá bá sílíkóònù jáde, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gé ìwọ̀n ìka kan níbẹ̀ mú lọ sí ọjà, kí wọ́n lè fún yín ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́.