Adaku Kọ́ Ni Ìyá Burúkú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. À ń ka The Joys of Motherhood ti Buchi Emecheta nílé ìwé, wọ́n sì ní ká fi ìyá rere wé ìyá burúkú nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Nnu Ego ni ìyá rere, torí ó jìyà nítorí ọmọ; Adaku ni ìyá burúkú, torí ó kọ ilé ọkọ sílẹ̀ lọ ṣe aṣẹ́wó. Ṣé kí n fi “ìyá ni wúrà” parí rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Fi ìyá ni wúrà sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Mo mọ ibi tí ìdáhùn yìí ti wá: inú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún ẹni tí kò fẹ́ ka ìwé gan-an. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó o wá bá mi, ó sì ń bí mi nínú, torí wọ́n ń gba owó ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ń fi irọ́ lé e lọ́wọ́.

Lọ ka ibi tí àwọn àgbà Ibuza, ìlú Ìgbò tí wọ́n ti wá, tó wà l'Ékòó ti parí ìjà Nnu Ego àti Adaku, orogún méjèèjì nílé Nnaife. Àlejò Adaku wá, Nnu Ego hùwà àìdáa sí àlejò náà. Gbogbo ẹni tó bá ka ibẹ̀ ló máa rí i pé Nnu Ego ló jẹ̀bi. Síbẹ̀, Adaku ni Nwakusor, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, bá wí, torí pé kò ní ọmọkùnrin. Ó ti bí ọ̀kan rí, ọmọ náà kú. Bẹ́ẹ̀, Nwakusor yìí kan náà ló fa Nnu Ego sẹ́yìn lórí afárá Carter lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ́ sómi nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú. Emecheta kò ṣèèṣì lo ọkùnrin kan ṣoṣo fún méjèèjì.

Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí ni Adaku palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, ó ní òun ń lọ ṣe aṣẹ́wó. Kí ló wá fẹ́ fi owó ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ó ní àwọn ọmọbìnrin òun kò ní bá òun lọ sọ́jà mọ́, ilé ìwé ni wọ́n ń lọ. Ọ̀dọ̀ Nnu Ego ńkọ́? Taiwo àti Kehinde, ìbejì rẹ̀, ń bá a ta igi ìdáná kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin lè kàwé, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: obìnrin ni wọ́n. Ta ni ìyá burúkú nínú àwọn méjèèjì?

Má tìtorí èyí yí i padà kí o lọ kọ ọ́ pé Nnu Ego ni ìyá burúkú o. Àṣìṣe kan náà nìyẹn. Ó fẹ́ràn ọmọ dójú ikú, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá bi Ọlọ́run léèrè ìgbà tí yóò dá obìnrin tó máa jẹ́ odidi ènìyàn láìjẹ́ pé ó so mọ́ ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n tí ayé ìgbà náà fi ń wọn ìyá ni ìwé yẹn ń bá jà. Tí ọmọ bá dáa, ti Nnaife ni. Tí kò bá dáa, ti ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí Kehinde fẹ́ ọmọ alápatà Yorùbá, tí Nnaife gbé àdá dé ilé alápatà náà, tó tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, Nnu Ego náà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Àkọlé ìwé náà pàápàá, inú ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn Efuru, ìwé ìtàn Flora Nwapa (1966), ló ti wá. Emecheta mú un ní 1979, ó fi ìtàn ìyá tó kú sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sìnkú aláriwo fún un, wọ́n kọ́ ojúbọ. Àwọn tó ń wá ọmọ ń gbàdúrà níbẹ̀, Nnu Ego kò sì dá wọn lóhùn.

N kò ní kí o tàpá sí ìtọ́ni olùkọ́ rẹ. Bó bá ní dandan ni kí o yan ẹnì kan, yàn án, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń pè é ní rere àti ohun tí onítọ̀hún ń rí jẹ nídìí rẹ̀. Tọ́ka sí ojú ewé. Kí o sì sọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn nù kí àbúrò rẹ má bàa bá a nílé.