Kí ni sójà ń wá láàárín aṣálẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí fọ́tò Fort Bowie, bárékè sójà àtijọ́ kan ní Arizona, ògiri amọ̀ tó ti wó ló kù níbẹ̀. Kí làwọn sójà Amẹ́ríkà ń wá nírú ibẹ̀ yẹn gan-an?

Ìdáhùn: Omi ni o! Ìsun omi kan wà ní Apache Pass, ọ̀nà tó gba àárín òkè kọjá níbẹ̀, àwọn Apache, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń mu ún tipẹ́ káwọn òyìnbó tó máa gba ibẹ̀ kọjá. Ní February 1861, ọ̀gá sójà kan, Bascom, pe Cochise, olórí àwọn Chiricahua tó jẹ́ ẹ̀yà Apache, wá sínú àgọ́ ẹ̀, ló bá ní Cochise ló jí ọmọ kan gbé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Cochise mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Cochise fọ̀bẹ ya àgọ́ náà ó sá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mú àwọn ẹbí ẹ̀, òun náà mú èèyàn tiwọn ó pa wọ́n, àwọn sójà wá so àbúrò ẹ̀ kọ́. Bógun ṣe dé nìyẹn. Ní July 1862 wọ́n jà nídìí omi yẹn, àgbá làwọn sójà fi borí, lóṣù yẹn náà ni wọ́n kọ́ bárékè síbẹ̀.

Nígbà tí Geronimo, jagunjagun Apache kan, túúbá ní 1886, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wá kí wọ́n tó fi rélùwéè kó o lọ sí Florida, kódà wọ́n kó àwọn Apache tó bá sójà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, èyí dùn mí gan-an. Wọ́n ti bárékè náà pa ní 1894. Itẹ́ òkú ibẹ̀ ṣì wà, sàréè ọmọ Geronimo kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 2 péré.