Èsì: Lógò tó ń ṣe bàìbàì nínú After Effects (áàpù tí wọ́n fi ń mú àwòrán rìn nínú fídíò)

Ẹ kú iṣẹ́. Lógò .ai (fáìlì Illustrator) yín tó ń ṣe bàìbàì tẹ́ ẹ bá ti mú un tóbi ju 100% lọ yẹn, fáìlì ò bàjẹ́ o, ẹ kàn tẹ àmì oòrùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ lẹ́yà lógò náà nínú Timeline (ibi tí àwọn lẹ́yà tò sí), Continuously Rasterize nìyẹn, ó máa ń tún lógò yà ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ mú un tóbi dé, kíá ló máa mọ́ kedere.

Vector (àwòrán tí wọ́n fi ìlà yà, bíi .ai) nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún ṣá. Tó bá jẹ́ PNG (àwòrán oní-píksẹ́lì), ẹ wá èyí tó tóbi jùyẹn lọ.

Tí lógò bá wà nínú precomp (àkójọ lẹ́yà tẹ́ ẹ sọ di lẹ́yà kan), ẹ tẹ oòrùn náà lára precomp, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lára lógò nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá ti fi glow (effect tó ń mú kó tàn) sí i, ẹ tún un wò o, torí effect ò ní máa tóbi pẹ̀lú lógò mọ́.