Séràmíìkì Lábẹ́ Ìgbì àti Iná: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. A fi ìbọn afẹ́fẹ́ yin pẹlẹbẹ àlúmínà (séràmíìkì líle tó jẹ́ àpapọ̀ alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn) tó nípọn tó mílímítà 3 lu òmíràn tó nípọn tó mílímítà 6. Ojú ibi tó bà kò bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti là sí méjì bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Kì í ṣe títẹ̀ ló fọ́ àlúmínà yín, fífà ni. Bí ìgbì, ìyẹn agbára tó ń sá kọjá nínú nǹkan tí a bá lù, bá tẹ̀ ẹ́, ó lè gba nǹkan bíi GPa 6 (gigapascal, òṣùwọ̀n títẹ̀ àti fífà) kó tó juwọ́ sílẹ̀. Èyí tó mọ́ dáadáa, tí ihò inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, lè kọjá 10. GPa 1 tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á, nǹkan bí ìdajì GPa kan ti tó láti yà á.

Nígbà tí pẹlẹbẹ méjèèjì pàdé, ìgbì méjì ló gbéra. Ọ̀kan wọ inú èyí tí ẹ lù, èkejì padà sínú èyí tí ẹ yìn. Nǹkan bíi kìlómítà 10 ni ìgbì ń sá nínú àlúmínà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò gbà á tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá láti la mílímítà 6 já. Bó ṣe dé ẹ̀yìn tí kò bá ohun tó máa tì í níbẹ̀, ó yíjú padà, ó wá di ìgbì tó ń fà. Bákan náà ni èkejì ṣe lẹ́yìn pẹlẹbẹ tí ẹ yìn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni nǹkan ti ya. Tó bá jẹ́ ohun kan náà ni pẹlẹbẹ méjèèjì, ibẹ̀ máa ń jìnnà sí ẹ̀yìn ní ìwọ̀n bí èyí tí ẹ yìn ṣe nípọn tó. Mílímítà 3 nínú 6: àárín gan-an nìyẹn. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Bí ibi tó ya kò bá sí láàárín, tàbí tó dà gẹ̀rẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pẹlẹbẹ méjèèjì kò pàdé ní ojú sí ojú. Lórí pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mílímítà 50, ẹ má jẹ́ kí etí kan fi ju mílímítà 0.05 lọ ṣáájú èkejì.

Ìbéèrè: Tí a bá wá lẹ irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Irú irin tó jẹ́ ló ṣe pàtàkì. Láti mọ bí ìgbì á ṣe kọjá sí, ẹ fi ìwúwo rẹ̀ (gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà kúbìkì kan) sọ ìyára ìgbì inú rẹ̀ (kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) di púpọ̀. Ti àlúmínà jẹ́ nǹkan bíi 42, ti irin dúdú 46, ti alumíníọ̀mù 17. Irin dúdú sún mọ́ àlúmínà, ìgbì á kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìgbì náà ló máa padà wá fà. Kí gúlúù fẹ́lẹ́, kó má sì ní ihò afẹ́fẹ́ kankan: níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti há, ṣe ló dà bíi pé ẹ kò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ìkòkò àlúmínà tí a fi ń yọ́ nǹkan kì í sán nígbà tó ń gbóná. Ìgbà tí a bá gbé e jáde nínú ìléru ló ń sán. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Fífà náà ni. Ojú òde tutù kí inú tó tutù. Ó fẹ́ súnkì, inú tó ṣì gbóná kò gbà fún un, ojú òde bá ń fà títí yóò fi sán. Nígbà tó ń gbóná, òde ló ń fẹ́ fẹ̀, títẹ̀ ló sì ń jẹ. Ìyẹn kò tó o pa.

Àlúmínà tó gùn tó mílímítà 100 máa ń fi nǹkan bíi mílímítà 0.8 gùn sí i bí ooru bá fi 1,000°C lé. Bí ẹ bá jù ú sómi, ìyàtọ̀ ooru tó tó 200°C ti lè sán án. Ẹ máa gbé iná sókè, kí ẹ sì máa sọ ọ́ kalẹ̀, ní 3 sí 5°C láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìléru.

Gíláàsì sílíkà (gíláàsì tí a fi sílíkà nìkan ṣe) tó gùn bákan náà kì í fi ju mílímítà 0.06 lọ gùn sí i pẹ̀lú ooru yẹn, ìdí nìyí tó fi ń wọ omi tútù nígbà tó pọ́n bí ẹyin iná, tí kò sì ní sán. Àmọ́ bó bá pẹ́ lókè 1,100°C, ojú rẹ̀ á di kírísítà, èyí ni yóò sì sán nígbà tó bá ń tutù. Iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ ń mú kí èyí tètè ṣẹlẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ọtí ìnù nù ún kó tó wọ ìléru.