Ẹ má so màmá mọ́ àga

Ìbéèrè: Màmá mi, ẹni ọdún 76, ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. A ti ní kí wọ́n má dìde mọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbé gbogbo nǹkan fún wọn. Ẹnì kan ń ta oògùn tó ní kì í jẹ́ kí àgbà ṣubú. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Kò sí oògùn tí àgbàlagbà á lò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi múlẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá ní òun ní irú rẹ̀, owó yín ló ń wá.

Àga tí ẹ fi màmá sí ló ká mi lára jù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín ṣe é, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn gan-an ló máa gbé wọn ṣubú. Iṣan itan tí a fi ń dìde, tí a kò bá lò ó, ńṣe ló ń gbẹ, ti àgbà sì tètè ń gbẹ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Lóru ọjọ́ kan, ìtọ̀ á gbọ̀n wọ́n, ọmọ ọ̀dọ̀ á ti sùn lọ, wọn á dá dìde. Ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi rìn. Bí egungun ìgbáròkó ṣe ń kán nìyẹn, mo sì ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé ọjọ́ orí ti kọjá ìyẹn. Ní New Zealand, láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà, títí kan àwọn tó ti lé ní 80, ní eré ìmárale ẹsẹ̀ nínú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ìwádìí rẹ̀ pọ̀, ìṣubú ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé màmá lọ rí dókítà, nítorí èmi kò rí wọn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Tí nọ́ńbà òkè ti ìdúró bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí ti ìdùbúlẹ̀, òòyì lè máa kọ́ wọn bí wọ́n bá ti dìde. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti oorun, ṣùgbọ́n ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n wo ojú wọn náà. Tí wọ́n bá dákú, tàbí tí orí wọn gbálẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀la.

Tí dókítà bá ti gbà, ẹ gbé àga onígi ti ògiri. Kí màmá dìde, kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ ìjókòó wọn o. Tí wọ́n bá jókòó gbì, iṣan ò ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ìdí máa sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di tábìlì mú, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má fà wọ́n lápá.

Ẹ ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ ká ìró tó ń wọ́lẹ̀ sókè, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Tí wọ́n bá ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀, kí orí rẹ̀ tó ọrùn ọwọ́, kí ó sì wà ní ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.