Ẹ má torí ilé kíkọ́ fo ọdún Ẹni Mímọ́ o

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé páríìṣì yín fẹ́ wó ilé ìjọsìn àtijọ́ kí wọ́n tún un kọ́, tí ọdún Ẹni Mímọ́ Anthony sì ń bọ̀ ní 13 June, tí àwọn kan nínú káńsù ń sọ pé kí wọ́n fo ọdún yẹn kí gbogbo owó lè wọ bílíìdì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà fún wọn. Wọ́n ti dán an wò lọ́dọ̀ wa níbí n'Íbàdàn, ojú mi ló ṣe, torí mo wà nínú kọmití ilé kíkọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ títí páànù fi gorí ilé.

Wọ́n ní ká sún gbogbo ọdún síwájú, ti Ẹni Mímọ́ tí à ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ti St. Jude, pé a ó ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ tí ilé bá parí. Ó dùn létí. Èmi àti bàbá katikíìsì ní kò ní dáa, wọn ò tiẹ̀ dá wa lóhùn. Ṣé ẹ mọ bí Mísà abẹ́ kánópì ṣe ń rí, oòrùn á máa lé èèyàn láti orí àga kan sí òmíì, tí òjò bá sì dé Fáda fúnra wọn ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń fara da ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó yẹ kó rí nǹkan tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé ìjọ lòun wá, pé kì í ṣe sáìtì. Kò sí ọdún, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ijó, àfi ká máa gbọ́ orúkọ ẹni tó ti san àtẹni tí ò tíì san. Ni wọ́n bá ń yọ́ lọ sí páríìṣì míì díẹ̀díẹ̀, owó tí wọ́n ló máa pọ̀ wá ń kéré sí i. Fáda tuntun tí wọ́n gbé wá ló dá ọdún padà, abẹ́ kánópì yẹn náà la ti ṣe é, a gbé ère yí àdúgbò ká tìlù tìlù, àwọn tó ti lọ wá wòran, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lọ mọ́.

Àmọ́ ẹ má gba owó bílíìdì lọ́jọ́ yẹn o, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi ìyẹn sọ́jọ́ ìkórè tàbí bàsáà. Ẹni tó wá bẹ Anthony nítorí nǹkan tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ ń ka gbèsè sí i létí fún? Búrẹ́dì Ẹni Mímọ́ Anthony ni kẹ́ ẹ pín fún àwọn aláìní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn ère tẹ́ ẹ béèrè, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Kí kátápílà tó dé, Ara Olúwa ló kọ́kọ́ ń kúrò, Fáda ló mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ó wá kan pẹpẹ. Tó bá jẹ́ pẹpẹ tí kì í ṣí nípò, tí Bíṣọ́ọ̀bù ti yà sí mímọ́, ẹ bi Fáda bóyá egungun Ẹni Mímọ́ wà lábẹ́ ẹ̀, torí àṣà Ìjọ látayébáyé ni. Bíríkìlà ò mọ ìyẹn, òòlù ló mọ̀. Àwọn ère ńkọ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ni tó bá gbé èyíkéyìí lọ sílé fọwọ́ sí i. POP lọ̀pọ̀ nínú wọn, omi kì í ṣọ̀rẹ́ wọn, èyí tó jẹ́ igi ikán ń dúró dè é. Inú yàrá tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí ni wọ́n to tiwa sí, nígbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ọwọ́ Ìyá wa Màríà ti kán, imú Jósẹ́fù ti lọ. Inú bí mi dọ́ba. Èyí tí ò bá ṣe é tún ṣe mọ́, ẹ má jù ú sáàtàn, ẹ sun ún tàbí kẹ́ ẹ sin ín. Èyí tó dáa jù ni kí ère máa gbé ilé àwọn ọmọ ìjọ, kí wọ́n máa ka rósárì níbẹ̀ lálaalẹ́, ká tún gbé e lọ sílé ẹlòmíì. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ń gba dírọ́ọ̀ìnì, ẹ kọ́kọ́ kó kọmití lọ wo ilé ìjọsìn àwọn Fáda ẹgbẹ́ Dominican ní Sàmọ́ńdà n'Íbàdàn níbí. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó tún ń ya àwòrán ilé, ló ya á láwọn ọdún 1970, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ ọnà àti ilé wọnú ara wọn ni. Kọ́ńtírátọ̀ tiwa kọ́lé tán kó tó rántí pé ère máa dúró síbì kan, ló bá ń lu ògiri tuntun.

Àwọn olówó náà máa yọjú. Ẹnì kan á gbé Anthony wá, ẹlòmíì á tún gbé Anthony tó ga ju tàkọ́kọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ìlànà Mísà ní ère kan fún Ẹni Mímọ́ kan ló yẹ kó wà. Ọ̀gá kan lọ́dọ̀ wa tiẹ̀ ní kí wọ́n fi orúkọ Ẹni Mímọ́ tí bàbá òun ń jẹ́ pe ilé tuntun, torí òun ló ra páànù! Fáda ní kó lọ ka kánọ́nù 1218 nínú ìwé òfin Ìjọ, pé orúkọ tí wọ́n bá fi ya ilé ìjọsìn sí mímọ́ kì í ṣe é pààrọ̀, pé ilé la wó, a ò wó ìjọ. Ó bínú fúngbà díẹ̀, ó padà wá.

Ẹ sì rí i pé ìwé àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan bùlọ́ọ̀kù kan, kánọ́nù 1215 nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ àfẹnusọ. Igi tẹ́ ẹ bá tú lórí òrùlé àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á ní kóbọ̀ kóbọ̀, ẹ lọ béèrè iye tí pákó ń lọ lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn báyìí, ẹ máa fi ṣe àga. Ẹ bá wa kí Fáda yín.